Bí Ọdẹ́rìnlọ Ṣe Gbé Oyin àti Iyọ̀ Gun Òkè Gbọ̀nrìrì

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ gbé àpótí yín kúrò níbi tí òrùlé àgbẹ̀dẹ yìí ti ń jò. Kí ẹni tó ní obì là á, kí ẹni tí kò ní ya ẹnu sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni a ó fi kún un. Òjò ti ká wa mọ́ ibí, kò sì sí ẹran kan nínú igbó báyìí tí kò sí nínú ihò rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ọ̀gá mi rí. Ọdẹ́rìnlọ ni ọ̀gá mi, òun ló fi ìbọn lé mi lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ì bá bá a dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí, àfi bí eéwo ṣe sọ mí ní ìdí lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Akin tí eéwo mú ní ìdí, akin náà ni, ó kàn ń dojú bolẹ̀ sùn ni.

Ọdẹ́rìnlọ láyà, ó lẹ́sẹ̀, ó mọ igbó. Ohun kan ṣoṣo tí Ẹlẹ́dàá gbàgbé láti fi sí i lára ni ìdúró. Bí iṣu bá wà lórí iná, á ti jẹ ìdajì rẹ̀ ní tútù kí omi tó hó. Ìbọn rẹ̀ a máa dún kí ojú rẹ̀ tó rí ohun tí ó ń yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti pa ewúrẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀, tí ó ń búra pé ìgalà ni. Bí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kí wọ́n padà nítorí ojú ọjọ́, òun á ní ọdẹ tó bá mọ̀ pé òun yóò padà, kí ó má wulẹ̀ jáde nílé.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló ní, Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìyá wọn kú nígbà tí Àwẹ̀ró kò tíì lè rìn, ẹ̀yìn Ọdẹ́rìnlọ ló sì dàgbà sí. Ọdẹ́rìnlọ fẹ́ràn rẹ̀ ju ìbọn rẹ̀ lọ, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti tóbi tó. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin àjèjì kan wá sí ọjà wa láti Òkè Téńté, ìlú tó wà ní ṣóńṣó Òkè Gbọ̀nrìrì, níbi tí omi kì í ṣàn, tí òjò ń rọ̀ ní dídì bí ìgbà tí èèyàn bá ń ku èlùbọ́. Apẹ̀rẹ̀ yìnyín ló rù wá tà. Kí ó tó rí oníbàárà kan, ọjà rẹ̀ ti di omi, ó ń ṣàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì jókòó, ó ń wò ó tìyanutìyanu. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé. Ọkùnrin náà fẹ́ ẹ, ó mú un lọ sókè, ọdún méje sì kọjá tí Àwẹ̀ró kò gbọ́ igbe ọmọ nínú yàrá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìnlọ wà lábẹ́ ìrókò létí oko rẹ̀ nígbà tí ẹyẹ funfun kan tí ó tó àwòdì bà sórí ẹ̀ka. Ẹyẹ náà la ẹnu, ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, Àwẹ̀ró ti bímọ láàárọ̀ yìí! Ó bí..."

Gbàù! Ọwọ́ Ọdẹ́rìnlọ ti yìnbọn kí etí rẹ̀ tó gbọ́ orúkọ àbúrò rẹ̀.

Ọpẹ́ ni pé ó tàsé. Ìyẹ́ ìrù kan ló já bọ́. Ẹyẹ náà fò sókè tìbínútìbínú, ó ń pariwo pé, "Ṣé báyìí ni ẹ ń ṣe oníṣẹ́ ayọ̀ nílẹ̀ yín? Gbé oyin àti iyọ̀ rẹ, kí o wá fi ojú ara rẹ wo ohun tó bí!" Ọdẹ́rìnlọ sáré tẹ̀lé e dé etí odò, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ẹyẹ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ẹ mọ àṣà tiwa láyé àtijọ́: ọjọ́ keje ni a ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Òkè Téńté ń ṣe. Ṣùgbọ́n tiwọn ní ẹ̀gún nínú. Ará ilé ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ẹnikẹ́ni kò dé láti ilé ìyá, ègé yìnyín ni wọn yóò fi kàn án lẹ́nu dípò rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá sì fi yìnyín sọ lórúkọ ti di ti òkè títí ayé. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbóná, yíyọ́ ni yóò yọ́ bí òrí. Kò ní rí ilé ìyá rẹ̀ láéláé.

Ọdẹ́rìnlọ nìkan sì ni ará ilé ìyá tó kù. Ó ní láti lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ mélòó ló ní lọ́wọ́, nítorí ìbọn òun fúnra rẹ̀ ló dí ẹnu ẹni tí ì bá sọ fún un. Ó bu oyin sínú àdó, ó di iyọ̀ sínú awọ, ó kó okùn rẹ̀, ó sì ti wọgbó kí èmi tó ráyè dìde lórí eéwo mi.

Igbó tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Igbó Dúró-Ná. Àwọn iwin ibẹ̀ kì í pa ènìyàn. Àlọ́ ni wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró títí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò fi funfun. Olórí wọn ní imú kan tó gùn débi pé ó ń tì í bí ọ̀pá, bí ó bá sì ń mí, ewé igi a máa gbọ̀n.

"Àlọ́ o!" ni iwin náà wí.

"Ààlọ̀! Ẹ yára pa á, baba, ọ̀nà mi jìn."

"Àlejò kan wọ oko wa, kò gbé ẹní, kò gbé aṣọ. Oòrùn kò tíì kí i tán tó fi sá lọ."

Ọdẹ́rìnlọ bú sẹ́rìn-ín. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tutù rí lóko láàárọ̀? "Ìrì ni!" ló wí.

"O fi ẹnu dáhùn," ni iwin wí. "Ó kù kí ẹsẹ̀ rẹ náà gbọ́ ìdáhùn yẹn." Ni ó bá pa òmíràn. Igba àlọ́ ni wọ́n pa fún un, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Ọdẹ́rìnlọ sì ń dáhùn, ó ń fò sókè, ó ń gbọn ìka bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ kan ni ǹ bá fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bá ọ̀gá ẹni dù ú.

Ní ọjọ́ kẹrin ó dé Ìlú Ara-Sọ-Fún-Mi. Ní ìlú yìí, gbogbo ènìyàn ló mọ ojú ọjọ́, inú ara wọn ni wọ́n sì ti ń mọ̀ ọ́n. Orúnkún ẹnì kan á ní òjò ń bọ̀, eyín aládùúgbò rẹ̀ á ní ọ̀dá ni, etí ìyàwó á ní ìjì ń bọ̀, ìdí ọkọ á ní irọ́ ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jà nígboro nípa bóyá kí wọ́n lọ sóko. Òjò ti ń pa wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jà, ẹni tí eyín rẹ̀ ní ọ̀dá ni sì wà láàárín wọn tí omi ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ máa wò ó, kò ní rọ̀!" Ọdẹ́rìnlọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

Ọba wọn gbà á lálejò dáadáa. Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lórí Òkè Gbọ̀nrìrì?"

Ọba wo orúnkún ara rẹ̀ títí, ó mi orí. "Ọmọ mi, orúnkún yìí kò mọ̀ ju ìlú yìí lọ. Òkè yẹn ń bí ojú ọjọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń wò ó dàgbà. Ẹni tó bá ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà ni kí o bi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, Ọdẹ́rìnlọ rí òkè náà. Ó funfun láti àyà dé orí, ó ga débi pé ó ní láti di fìlà rẹ̀ mú kó tó lè rí ṣóńṣó rẹ̀. Èéfín ilé tín-ín-rín kan ń yọ lókè lọ́hùn-ún. Inú rẹ̀ dùn, nítorí àbúrò rẹ̀ ló ń dáná níbẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́nu ihò àpáta kan, iwin arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan jókòó, ó ń ta ayò fún ara rẹ̀, ó sì ń bú ara rẹ̀ pé òun ń rẹ́ òun jẹ. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan ni gbogbo ayé ń pè é.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, baba."

"Káàbọ̀, ọdẹ. Lọ́la ni o fẹ́ gùn ún, àbí? Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ gùn ún lọ́la."

"Ní báyìí gan-an ni mo fẹ́ gùn ún."

Baba náà rẹ́rìn-ín. "Jókòó, jẹun. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ń bi ẹni tó bá fẹ́ gòkè yìí. Èkíní, kí ni yìnyín wí? Èkejì, kí ni afẹ́fẹ́ wí? Ẹ̀kẹta, kí ni ara rẹ wí? Ẹ̀kẹrin..." Ó họ orí. "Ẹ̀kẹrin ti bọ́ lórí mi. Yóò padà wá."

Ọdẹ́rìnlọ ní, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, baba."

"Ta ló wí fún ọ pé àpáta ni yìnyín? Àpáta àárọ̀ ni àpáta alẹ́. Yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Baba gbé àáké kékeré méjì jáde, àti bàtà kan tí eyín irin wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Fi orí àáké kàn án. Bí ó bá dún gán bí irin lórí owú alágbẹ̀dẹ, ó ní kí o máa bọ̀. Bí ó bá dún bò bí ìkòkò tó ti sán, òfìfo ni inú rẹ̀, omi ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó dúdú bí aṣọ aláró gbà ẹ́ sára. Èyí tó funfun bí ẹ̀kọ, ọ̀dàlẹ̀ ni."

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Wo orí òkè. Bí ìkùukùu bá bò ó ní ṣóńṣó bí ẹni dé fìlà, ìjì wà lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé kan kò mì nísàlẹ̀ níbí. Bí òkè bá dé fìlà, ìwọ náà dé tìrẹ, kí o sì jókòó."

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹfà, òkè kò dé fìlà. Òtútù mú bí ọyẹ́ inú oṣù Ọ̀pẹ. Ọdẹ́rìnlọ fi àáké kan yìnyín, ó dún gán. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ara rẹ̀ le. Baba ní, "Lọ báyìí, kí oòrùn tó jí."

Ẹ̀yin ará, ẹ ó gbọ́ àṣìṣe tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é bí kò ṣe ọdẹ ilẹ̀ wa. Ọdẹ́rìnlọ kò lè wọ ibi tí kò tíì kí. Ó dúró lẹ́sẹ̀ òkè, ó fi ọwọ́ di etí kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá fún Òkè Gbọ̀nrìrì. Ó ki òkè, ó ki baba òkè, ó ki ara rẹ̀, ó ki ìbọn rẹ̀, ó ki ajá rẹ̀ tó ti kú. Ọkùnrin tí kò lè dúró de iṣu fi gbogbo òwúrọ̀ dúró de ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí yóò fi sọ ìjálá kalẹ̀, oòrùn ti yọ, ó mọ́lẹ̀ kedere, ojú ọ̀run sì dúdú bí aró láìsí ìkùukùu kan. Ọdẹ́rìnlọ wò ó, ó ní ọjọ́ dára. Nílé wa, bí oòrùn bá là, ìrì a gbẹ, ọ̀nà a dán. Kí ni ọdẹ tún ń fẹ́?

Ó gba àfonífojì tóóró kan tí yìnyín kún, tó gba ara òkè lọ sókè tààrà bí àkàbà, ó ń gbé àáké, ó ń ta ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Kò tíì jìn tí ó fi gbọ́ ohùn baba nísàlẹ̀: "Ọdẹ! Mo ti rántí ẹ̀kẹrin! Ìgbà wo ni o máa padà, bí o kò bá tíì dé?"

"Mi ò ní padà!"

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn! Nígbà tí òjìji rẹ bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, yí padà, ibi yòówù kí o wà!"

Ọdẹ́rìnlọ tún ta àáké mọ́ yìnyín. Ó gùn títí apá rẹ̀ fi ń gbóná. Nígbà tó ṣe, ó rí orí òkè. Ó rí òrùlé ilé. Ó gbọ́ igbe ọmọ tuntun, igbe kékeré tó há, bí ìgbà tí ọmọ ológbò bá ń wá ìyá rẹ̀, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀. Kò ju kí ènìyàn ju òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó dé ibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń kán sí i lọ́rùn. Ó gbé ojú sókè. Yìnyín ń làágùn. Ó fi àáké kàn án, ó dún bò. Ó sún sí ọ̀tún, ó kàn án, bò. Àwọ̀ aláró ti kúrò lójú rẹ̀, ó ti funfun bí ẹ̀kọ, ó sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Òkúta kan tó tó orí ewúrẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, fíìn. Òmíràn tẹ̀lé e. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òjìji rẹ̀ ti wọ abẹ́ rẹ̀ tán.

Ọmọ náà tún ké. Ọdẹ́rìnlọ sọ fún ara rẹ̀ pé, sáré. Ẹsẹ̀ mélòó ló kù? Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀la ni. Gbogbo ohun tí ó ti ń jẹ́ láti kékeré ń tì í lẹ́yìn pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí yìnyín tó ń yọ́, ó sì wá yé e níbẹ̀, ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, àlọ́ iwin nì, ohun tó ń sá lọ nígbà tí oòrùn bá kí i. Ó sunkún kíkankíkan. Ó yí padà.

Ìsọ̀kalẹ̀ náà kò dùn ún sọ. Ó ń rọra, ó ń fi okùn ṣe é, ó ń sọ fún ara rẹ̀ ohun tí gbogbo ọkùnrin mọ̀, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ dáadáa tí ó fi gbọ́ gbìrìgbìrì lókè. Gbogbo yìnyín tó so mọ́ òkè níbi tó ti yí padà já lulẹ̀, ó gba àfonífojì náà kọjá bí agbo ẹfọ̀n, ó sì dákẹ́.

Ọdẹ́rìnlọ jókòó, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Baba gbé omi gbígbóná fún un.

"Baba, mo gbọ́ igbe ọmọ náà. Mo ti débẹ̀ tán."

"Èmi náà débẹ̀ lọ́jọ́ tèmi, ní irú ọ̀sán báyìí," ni baba wí, ó sì fọwọ́ gbá kùkùté itan rẹ̀. "Èmi àti ẹsẹ̀ mi la jọ gòkè. Ẹsẹ̀ ní òun kò bá mi padà. Jẹun, ọmọ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ní ọjọ́ keje, òkè dé fìlà. Ìkùukùu bò ó láti orí dé orúnkún, oòrùn kò yọ rárá. Ọdẹ́rìnlọ jókòó lẹ́nu ihò pẹ̀lú àdó oyin lórí itan rẹ̀, kò jẹ, kò mu. "Bó bá jẹ́ obìnrin, òní ni," ló ń wí. "Baba, bó bá jẹ́ obìnrin, òní ni wọn ó fi yìnyín kàn án lẹ́nu." Baba kò sọ pé kó má sunkún. Ó kàn ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Máa wo òkè."

Ní ọjọ́ kẹjọ, òjò dídì ń rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ìkùukùu ya lójijì, ojú ọ̀run yọ láàárín rẹ̀ bí ihò ara aṣọ. Ọdẹ́rìnlọ fò dìde, ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára àáké. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó tún wo òkè dáadáa, òun fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Fìlà ṣì wà lórí rẹ̀," ló wí.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni baba wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú ayò rẹ̀.

Kí ẹnu tó kúrò lórí ọ̀rọ̀, ihò ojú ọ̀run náà ti dí, ìjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu lókè bí màlúù. Ọdẹ́rìnlọ bọ́ bàtà. Ó jókòó, ó bá baba ta ayò, ó sì borí baba. Kò tíì sí ẹni tó jókòó ti Ọdẹ́rìnlọ rí tí ó rí i kí ó ta ayò kan parí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tó mọ́, òtútù náà jí i. Òkè ti ṣí fìlà. Afẹ́fẹ́ kò sí. Ó fi àáké kan yìnyín, ó dún gán débi pé eyín rẹ̀ dùn ún. Ó ń lọ sí àfonífojì tó gbà lọ́jọ́ kẹfà, ni baba bá pè é.

"Òjò dídì ọjọ́ méjì ti wọ́ jọ síbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ló ń dúró dè kí gbogbo rẹ̀ lè yọ̀ lulẹ̀. Gba ìhà òkúta tó wà lápá òsì, ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbá mọ́. Ó jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé."

"Ẹ ṣeun, baba. Nígbà tí òjìji mi bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ ó rí mi, ní òkè tàbí nísàlẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sun ìjálá. "Òkè, ẹ kú àárọ̀ o," ló wí, ó sì ti ń gùn. Yìnyín dúdú bí aró, àáké ń wọ ọ́ tímọ́tímọ́, eyín bàtà ń mú un. Ó ń kàn án kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó tó gbára lé e. Kò sáré. Inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí kò dùn rí, bí ẹni tí òun àti ọ̀nà jọ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn àárọ̀ fi máa kan ìhà òkúta náà, Ọdẹ́rìnlọ ti wà lórí Òkè Téńté, ó ń mí bí ẹwìrì, ó ń wá ilé àbúrò rẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ jáde sí i, gbogbo wọn nínú aṣọ awọ, irùngbọ̀n wọn funfun fún yìnyín. Ọkọ Àwẹ̀ró sáré wá dọ̀bálẹ̀. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ọdẹ́rìnlọ kò lè kí ẹnikẹ́ni.

"Kí lo bí?"

"Obìnrin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọdẹ́rìnlọ jókòó sílẹ̀ nínú òjò dídì. "Mo ti pẹ́," ló wí. "Ọjọ́ méjì ni mo fi pẹ́. Dárí jì mí, Àwẹ̀ró. Ẹyẹ ì bá sọ fún mi, mo yìn ín níbọn. Ọ̀nà ì bá gbà mí, mo ń ki ajá. Ọmọ rẹ ti di ti òkè."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Àgbà kan láàárín wọn fà á dìde. "Ọjọ́ méjì wo, àlejò? Níbí yìí, ọjọ́ tí oòrùn kò bá yọ, a kì í kà á. A kì í ṣiṣẹ́, a kì í jókòó ẹjọ́, a kì í darúgbó. Òní ni ọmọ yìí pé ọjọ́ méje."

Àwẹ̀ró jókòó tì í. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín lọ́jọ́ tí oòrùn yọ kẹ́yìn. Mo gbé ọmọ dání létí òkè, mo rí yín tí ẹ ń bọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, mo pariwo pé kí ẹ padà títí ohùn mi fi há kí ẹ tó sún mọ́ ibi tí ẹ ti lè gbọ́. Mo mọ̀ yín. Mo ti ń sunkún òkú yín. Nígbà tí ẹ yí padà, ijó ni mo jó, èmi abiyamọ. Wọ́n ní ṣé orí mi pé, ẹ̀gbọ́n mi ń padà sílé, mo ń jó. Mo ní Ọdẹ́rìnlọ ló yí padà yẹn. Mo ní ẹ ti dé nìyẹn."

Ọdẹ́rìnlọ nu ojú rẹ̀. Ó gba ọmọ náà, ó wúwo díẹ̀, ó sì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n òun wo òkè, ó wo ìyá ọmọ, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ọmọ fa ojú ro. Ó fi oyin tẹ̀lé e, ọmọ lá a, ó tún ń wá sí i. Ó pè é ní Dúródọlá, gbogbo Òkè Téńté sì hó yèè débi pé Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyí, ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbé àáké rẹ̀ kó lọ bi yìnyín. Èyí tó kù, ojú tèmi ló ṣe. Nígbà tí Dúródọlá pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ mú un sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé wa, ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iyanrìn ìta ń jó ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sáré wọ àárín iyanrìn gbígbóná náà láìwọ nǹkan kan, ó ń kígbe ẹ̀rín, kò sì yọ́. Ọdẹ́rìnlọ ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń pariwo pé kó rọra.